Ìwé Àlàáfíà Méjì Tó Wà Nínú Àpótí Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó di ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Èmi ni mò ń kà á. Múfú ní kí n yé kà á mọ́, pé kíkà kì í dá òkú padà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ ọjọ́ tí mo kọ lẹ́tà yìí, nítorí òun ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jí láàárọ̀ tí àyà mi ò já. Mo jí, mo gbọ́ tí òjò ń rọ̀ sórí páànù, mo yí ẹ̀gbẹ́ padà, mo sì tún sùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé oorun kì í gbé mi padà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìjà kò ṣẹlẹ̀, Bàbá mi. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Ìjà kẹta kò ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi Múfú wà láàyè, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Kàmọ́rù ọmọ Bàbá Ráìmì náà wà láàyè, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù kankan tó jóná ní sáìtì àwọn wẹ́dà ní Oyigbo lẹ́bàá Port Harcourt. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mò ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Mo mu tíì kí n tó jókòó. Mo da mílíìkì sí i dáadáa, bí ẹ ṣe máa ń ṣe ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tí ẹ bá ti ń jó irin láti àárọ̀, tí ẹ máa ń sọ pé mílíìkì ló ń fọ èéfín kúrò láyà wẹ́dà. Èmi ò jó irin rí láyé mi, ṣùgbọ́n èéfín ti wà láyà tèmi náà láti ọjọ́ tí ẹ ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà jù mí lọ, ṣùgbọ́n èmi pẹ̀lú yín ò jókòó sọ ọ́ rí. Mo fẹ́ sọ ọ́ lójú yín lẹ́ẹ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú yín ti pa dé.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé girama. Ìlà méjì ni ṣọ́ọ̀bù tó wà ní sáìtì: Ìlà Iwájú tó kọjú sí títì, tí ẹ̀yin jẹ́ olórí rẹ̀, àti Ìlà Ẹ̀yìn tí Bàbá Ráìmì jẹ́ olórí rẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà ni ẹ̀yin méjèèjì, ọkọ̀ kan náà lẹ sì jọ máa ń wọ̀ lọ sílé nígbà Iléyá. Wáyà kan ṣoṣo ló gbé iná wá fún ìlà méjèèjì láti ara tiransifọ́mà. Bí Ìlà Iwájú bá ti ń jó irin, iná Ìlà Ẹ̀yìn á rẹ̀ sílẹ̀ bíi ti àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán, ẹ̀rọ wọn ò ní lè ṣe ohunkóhun. Wọ́n rojọ́ títí, a ò dá wọn lóhùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n gun òpó, wọ́n gé ẹ̀ka wáyà tó wá sí ìlà wa. Bọ̀ọ̀dá Sálíù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tiyín lọ bá wọn, wọ́n lù ú, eyín iwájú rẹ̀ méjì bọ́ sílẹ̀. Báyìí ni ìjà bẹ́.

Àwọn ló jẹ̀bi. Mi ò gbàgbé ìyẹn, ẹ má rò pé mo gbàgbé. A borí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà, a borí lọ́dọ̀ onílẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ kọ ohun tí ẹ bá fẹ́ sílẹ̀ kí àlàáfíà lè jọba. Orí tábìlì ìjẹun wa lẹ ti kọ ọ́. Pẹ́ńsùlù tó máa ń wà létí yín lẹ kọ́kọ́ fi kọ ọ́, kí ẹ tó fi bírò tẹ̀ ẹ́. Ẹ pè mí, ẹ ní, "Ìyá mi, wá kà á sí mi létí." Mo dúró, mo kà á sókè bí ẹni tó ń ka ìwé níwájú kíláàsì. Ẹ ń mi orí, ẹ ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ṣì lè kà á láìwò ó. Pé Ìlà Ẹ̀yìn nìkan ló jẹ̀bi gbogbo ìjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí Bàbá Ráìmì sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Pé wọn ò gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ títí Ìlà Iwájú á fi ṣíwọ́ lójúmọ́. Pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọ́dọ̀ di ipò mú nínú ẹgbẹ́. Pé ní gbogbo Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn tún àyíká ṣe, àwọn ni yóò máa kó gọ́tà ìlà méjèèjì, àwa á sì dúró máa wò wọ́n. Ẹ ò kọ ọjọ́ tí yóò parí síbẹ̀. Mo ti wá a títí. Kò sí níbẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹténà tí ẹ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, mò ń jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹja. Bàbá Ráìmì ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wọ inú gọ́tà. Kàmọ́rù ọmọ rẹ̀, tó fi ọdún mẹ́ta péré jù mí lọ, ń gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ Kàmọ́rù yọ̀, ó ṣubú dojú bo ẹrẹ̀ dúdú náà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Nítorí pé mo rẹ́rìn-ín, gbogbo ìlà wa rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ọwọ́ kàn mí lórí.

Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí? Ẹ̀yin tí ẹ nà mí nítorí pé mo sín arọ kan jẹ ní ọjà, kí ló dé tí ọwọ́ yín rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí mi lọ́jọ́ náà?

Ẹ̀yin kan náà lẹ kọ́ Múfú ní ìjàkadì nínú yanrìn tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹ ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà, pé ọmọ Ọ̀fà tí kò bá mọ̀ ọ́n ja, kó lọ wá ìlú mìíràn. Ẹ ní bí ẹ̀yìn ẹnì kejì bá ti kan ilẹ̀, ó ti parí nìyẹn; ẹni tó dá a á na ọwọ́ sí i, á gbé e dìde, á gbọn yanrìn lára rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó lé ẹni tó ti dá mọ́lẹ̀, ẹ ní ó ti sọ eré di ogun. Mo gbọ́ ọ létí ara mi. Nígbà tí ẹ dá Bàbá Ráìmì, ta ló gbọn yanrìn lára rẹ̀?

Ẹ sì máa ń sọ fún wa bí ìlú yìí ṣe rí nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé Port Harcourt, tí ogun abẹ́lé ò tíì jìnnà púpọ̀. Ẹ rí bàbá kan tó dúró ní òdìkejì títì, tó ń wo ilé tó fi òógùn ara rẹ̀ kọ́, tí wọn ò jẹ́ kó wọ̀ ọ́ mọ́, nítorí wọ́n ní ó ti fi í sílẹ̀ sá lọ nígbà ogun. Ẹ ní ìjọba ti kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun, síbẹ̀ bàbá náà ń wo ilé rẹ̀ bí àlejò. Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ máa ń dákẹ́, ẹ máa ń fi etí ẹ̀wù nu dígí ojú yín. Ẹ mọ ohun tó burú. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yẹn?

Ọdún mẹ́wàá ó lé ni a fi wà bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ń sọ fún àlejò pé láti ìgbà tí ẹ ti kọ ìwé yín, kò sí ariwo ní sáìtì. Òótọ́ ni. Kò sí ariwo. Àwọn àgbà ní ẹni tó su ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwa gbàgbé. Àwọn lẹ ẹ̀dà ìwé náà mọ́ ara ògiri ní Ìlà Ẹ̀yìn, wọ́n sì ń kà á. Bàbá Ráìmì kú, ìwé náà ṣì wà lára ògiri.

Ẹ mọ bí ìjà kejì ṣe rí, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọdé tó gba bọ́kẹ́ẹ̀tì ti di géńdé. Wọ́n wá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, wọ́n sun ẹ̀rọ yín, wọ́n sì fi irin ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Múfú ní ibi méjì. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ni wọ́n borí, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ló wà ní ipò nínú ẹgbẹ́, wọ́n sì ní kí Kàmọ́rù kọ ohun tó bá fẹ́. Ó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yín náà ló kọ, láìyọ ọ̀kan kúrò, àfi pé níbi tí ẹ kọ Ìlà Ẹ̀yìn sí, Ìlà Iwájú ló kọ síbẹ̀.

Mo rí yín nínú gọ́tà, Bàbá mi. Ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ rò pé mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo wà nínú bọ́ọ̀sì tó dúró lójú títì. Mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ẹ dé ilé, ẹ fọ ẹsẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ lọ kírun, ẹ ò sì sọ ọ̀rọ̀ náà di ọjọ́ ikú yín. Kí lẹ ń rò nínú gọ́tà náà? Ṣé Bàbá Ráìmì lẹ ń rò ni?

Lọ́dún tó kọjá, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Rumuibekwe nípa ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Mo sọ bí àwọn tó borí ṣe gbé ìwé síwájú àwọn ará Jámánì, tí wọ́n ní kí wọ́n buwọ́ lù ú pé àwọn ló fa ogun, kí wọ́n san owó ìtanràn, kí wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì dín àwọn ọmọ ogun wọn kù. Mo sọ bí ìtìjú náà ṣe jókòó sínú wọn, bí ìkà ọkùnrin kan ṣe dìde tó ń fẹ́ ìtìjú náà bí ẹni ń fẹ́ iná, títí ogun mìíràn tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ fi bẹ́ ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà. Mo jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìwé yẹn nìkan kọ́ ló fà á. Mo sì sọ pé lẹ́yìn ogun kejì, àwọn tó borí ran apá kan Jámánì lọ́wọ́ láti tún ilé wọn kọ́, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè.

"Antí, dem no get elders for there?"

Ó ń béèrè bóyá kò sí àgbà níbẹ̀ ni. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi, tábìlì ìjẹun wa ni mo sì ń rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wá sílé láti bi yín. Mo bá yín tí ẹ ń gbọ́ rédíò, ẹ yí i sílẹ̀ nítorí mi, ẹ ń dúró. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún yín, mo ní kí ẹ má jẹ́ kó tutù, mo sì lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé mi, èyí ni mo máa ń kábàámọ̀ jù. Ó dà bíi pé ẹ fẹ́ kí n béèrè.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ yín, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti mú dígí ìjórin yín. Mo rí irin lábẹ́ tapólì ní ìdí kọ̀ǹténà. Ọmọ wẹ́dà ni mí, mo mọ irin géètì, mo mọ irin fèrèsé. Ìwọ̀nyí gùn dọ́gba dọ́gba, wọ́n ti lọ orí wọn ṣóńṣó, wọ́n sì fi rọ́bà táyà we ìdí wọn kí wọ́n má baà yọ̀ lọ́wọ́.

"Múfú, géètì ta nìyí?"

Ó wo irin, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."

"Mo ní géètì ta ni?"

"Ti Kàmọ́rù. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Ṣebí wọ́n máa wá dúró lé wa lórí bí ìṣe wọn? Wọ́n á bá a níbẹ̀."

"Tí ẹ bá nà wọ́n tán ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ máa bá wa kọ ìwé. Tíṣà kúkú ni yín. Tọ̀tẹ̀ yìí, gọ́tà kọ́ ni wọ́n máa kó. Ṣáláńgá ni!"

Bọ̀ọ̀dá Sálíù wà lórí àga lẹ́bàá wa. Ó rẹ́rìn-ín, àlàfo eyín rẹ̀ méjèèjì hàn. "Kí ṣáláńgá ọ̀hún ṣáà ti jìn dáadáa," ó wí.

"Ọmọ mẹ́ta ni Kàmọ́rù ní," mo sọ fún Múfú. "Wọ́n á dàgbà."

"Àwọn ọmọ tèmi náà á dàgbà."

Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú mi, èyí tí kò lè nà tán mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ. Mo kúrò níbẹ̀.

Àpótí yín ni mo lọ ṣí. Mo bá ìwé méjèèjì lábẹ́ fìlà Jímọ̀ọ̀ yín, tiyín àti ti Kàmọ́rù, ẹ ká wọn pọ̀ sínú ọ̀rá kan. Kí ló dé tí ẹ tọ́jú wọn pọ̀? Mo tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ibùsùn, mo ń ka ọ̀kan, mo ń ka èkejì, títí mi ò fi mọ èyí tó jẹ́ ti bàbá mi mọ́. Ẹ̀rù wá bà mí pé ọwọ́ mi ni yóò kọ ẹ̀kẹta.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, bí mo ṣe kúrò ní ilé ìwé, mo kọjá sí Ìlà Ẹ̀yìn. Kàmọ́rù ń jó ẹsẹ̀ tánkì omi kan. Ó gbé ìbòjú rẹ̀ sókè.

"Há, Tíṣà! Kí lo wá ṣe ní Ìlà Ẹ̀yìn? Bàtà ẹ ò ní dọ̀tí?"

"Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù, ẹ kú iṣẹ́. Mo wá bẹ̀ yín ni."

"Nítorí gọ́tà? No wàhálà. Sátidé kò tíì dé."

"Nítorí ẹ̀rín tí mo rín nígbà tí ẹ ṣubú."

Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "O ń jẹ bọ̀ọ̀lì," ó wí. "Bọ̀ọ̀lì àti ẹja. O wọ gáùn búlúù kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti já. Ìka tó ní ata lo fi nà sí mi."

Bàbá mi, èmi fúnra mi ò rántí bọ́tìnnì.

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, lórí èérún irin. Ó ní, "Dìde, dìde jàre, á gún ẹ lẹ́sẹ̀." Mi ò dìde títí mo fi sọ ohun tó wà nínú mi tán. Lẹ́yìn náà mo kó ìwé méjèèjì jáde. Kò tiẹ̀ wò wọ́n.

"Mo mọ̀ wọ́n sórí," ó wí. "Kí n tó mọ Fátíhà dáadáa ni mo ti mọ ìwé bàbá ẹ sórí." Ó na ọwọ́ sí òpó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Wo ibẹ̀ yẹn."

Dígí ọ̀kadà ló so mọ́ òpó náà, ó kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀nà.

"Láti ọjọ́ tá a ti nà yín, ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá kẹ́yìn sí ọ̀nà. Bí mo bá ń jó irin, mò ń wo dígí. Tẹ́ ẹ bá ń kó gọ́tà, mò ń wo ọwọ́ Múfú. Mo rò pé tá a bá borí, a máa sinmi. Tíṣà, ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tó wà nínú gọ́tà, òun náà ò kúrò nídìí gọ́tà."

"Ẹ ya ìwé náà, ẹ̀gbọ́n."

"Kí àwọn èèyàn mi ní ojo ni mí? Tí mo bá sì ya á, kí ló máa dá àwọn tiyín dúró?"

Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ irin fún un. Mi ò lè ta ọmọ ìyá mi. Mo kàn wí pé, "Ọmọ Ọ̀fà ni yín. Ṣé wọ́n kọ́ yín pé kẹ́ ẹ jókòó lé ẹni tẹ́ ẹ bá ti dá ni?"

Ó wò mí gidi. Ó fa ìbòjú rẹ̀ bo ojú, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Mo lọ sílé láìmọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Mi ò jẹun dáadáa títí di Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Mo tẹ̀ lé Múfú, ó ní kí n padà, mi ò padà. Òun àti àwọn mẹ́jọ ni, àpò ìrẹsì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a dé ojú ṣọ́ọ̀bù yín, gbogbo wa dúró.

Kàmọ́rù nìkan ló wà nínú gọ́tà. Ẹrẹ̀ mu ún dé orúnkún. Ó ti kó tiwa dé ìdajì, ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró ní ọ̀ọ́kán nídìí tiransifọ́mà, ọwọ́ wọn ṣófo, wọ́n fajú ro.

"Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni o," Bọ̀ọ̀dá Sálíù sọ. "Ẹ má dá a lóhùn."

Kàmọ́rù ò wo Sálíù. Ó na ọwọ́ sókè. "Múfú, fà mí jáde. Ẹsẹ̀ mi ti há."

Múfú ò mira. "Ọwọ́ tó o ṣẹ́ nìyí."

"Mo mọ̀. Mo ṣẹ́ ẹ. Òun náà ni kó o fi fà mí."

Mo ń ka èémí ara mi. Nígbà tó yá, Múfú ju àpò náà sílẹ̀, irin inú rẹ̀ ró gbàràgàdà, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ohun tó jẹ́. Ó na ọwọ́ tí kò lè nà tán yẹn, ó gbá ti Kàmọ́rù mú, ó fà á. Bàtà òjò Kàmọ́rù kan kọ̀, ó dúró sínú ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ jáde nínú rẹ̀ lójijì, àwọn méjèèjì sì ṣubú lu ara wọn sórí títì, ẹrẹ̀ dúdú bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀.

Sálíù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹ̀rí! Sálíù ni. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Kàmọ́rù wò mí láti ilẹ̀ tó wà, ó ní, "Tíṣà, rín in jàre. Tòní dùn." Mo rín in títí mo fi ń sunkún. Múfú ṣí fìlà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu ẹrẹ̀ kúrò lọ́rùn Kàmọ́rù.

A jókòó lábẹ́ tapólì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kàmọ́rù fẹ́ ya ìwé méjèèjì, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n tọ́jú wọn, kí àwọn ọmọ wa lè rí bí wọ́n ṣe jọra tó. Ẹnikẹ́ni ò kọ ẹni tó jẹ̀bi sílẹ̀. Dípò ìyẹn, oníkálukú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ìlà tirẹ̀ ṣe. Kàmọ́rù sọ ti wáyà, ó sọ ti ẹ̀rọ yín tí wọ́n sun. Nígbà tó kan tiwa, gbogbo wọn wò mí. Mo dìde, mo ní ẹ̀yin lẹ jàre lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé ohun tí ẹ wá kọ lẹ́yìn náà ti pọ̀ jù, pé èmi ni mo kà á sí yín létí. Ṣé mo ṣẹ̀ yín, Bàbá mi? Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ foríjì mí. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, mo gbàgbọ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ bá sọ ọ́.

Iná ti di ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ báyìí, ìlà kan á ní òwúrọ̀, ìkejì á ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìlà méjèèjì ló jọ ń kó gọ́tà. A kọ ètò yìí sílẹ̀, a sì fi kún un pé tó bá pé ọdún kan, ìwé tuntun náà kú, kí gbogbo wa tún jókòó kọ òmíràn. Irin inú àpò náà wà lójú fèrèsé obìnrin kan ní Alesa. Múfú ló jó o, obìnrin náà sì ní òun ò rí fèrèsé tó le tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kì í ṣe ohun gbogbo ló yanjú. Ẹ̀rín yẹn kò mú Bọ̀ọ̀dá Sálíù jìnnà. Kì í kí Kàmọ́rù títí di òní. Ní ìpàdé kejì, ó dìde, ó béèrè pé, "Eyín mi ńkọ́?" Kàmọ́rù tẹjú mọ́lẹ̀. Mo ti lọ kí Sálíù nílé lẹ́ẹ̀mejì, ó fún mi ní omi mu, kò sì yọ ọ̀rọ̀ náà sọ. Mo máa tún lọ.

Nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá ìpàdé kan sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kó gọ́tà tán, ìlà méjèèjì á jókòó, ẹni tí nǹkan bá ń dùn á sọ ọ́ kó tó di irin. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, nítorí pé mi ò ní ṣọ́ọ̀bù ní ìlà kankan. Ti oṣù yìí, ènìyàn mọ́kànlá péré ló wá, òjò ló dí àwọn yòókù lọ́wọ́, àwọn kan sì ti ń sọ pé kí ló tún kù tí a fẹ́ sọ. Ẹ fi ọkàn yín balẹ̀. Bó bá tiẹ̀ ku èmi àti ẹnì kan ṣoṣo lábẹ́ tapólì náà, màá ṣí ìwé, màá kọ ọjọ́ sí i, màá sì bi í léèrè ohun tó ń dùn ún. Mi ò ní jẹ́ kí ìpàdé yẹn dẹ́kun.

Èmi ni, pẹ̀lú ìfẹ́,
ọmọ tí ẹ fi ọwọ́ wẹ́dà tọ́ dàgbà.